Búdà ní ká yé ṣojúkòkòrò, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ká béèrè owó sí i: báwo làwọn sósíálíìsì Íńdíà ṣe gbé méjèèjì dání?

Ìbéèrè:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lọ́yẹ. Mò ń kàwé nípa òṣèlú Íńdíà, ibi tí mo bá yíjú sí, àwọn sósíálíìsì wọn ń sọ̀rọ̀ Búdà ṣáá. Ambedkar (aṣáájú àwọn Dálíìtì, ìyẹn àwọn tí ètò kásìtì, ìpín tí wọ́n ń bí èèyàn sí ní Íńdíà, kà sí aláìmọ́), Narendra Deva, àti ẹnì kan tó ń jẹ́ Rahul Sankrityayan. Ohun témi mọ̀ nípa Búdà ni pé ó ní ìfẹ́ ọkàn ẹ̀dá ló ń fa ìyà, kéèyàn jáwọ́ nínú nǹkan ayé. Sósíálíìsì ní tiẹ̀ ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé kó dìde kó lọ gba tiẹ̀, ilẹ̀ o, owó oṣù o. Ẹni tí kò fẹ́ nǹkan kan mọ́, kí ló ń wá níbi ìyanṣẹ́lódì? Lójú tèmi, ọ̀dà ni wọ́n fi Búdà kùn, kí wọ́n má baà sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni wọ́n ń gbé kiri. Ẹ má bú mi o.

*

Ìdáhùn:

Kò sẹ́ni tó máa bú ẹ, àbúrò, ìbéèrè gidi ni. Ẹlòmíràn tó bá sì dá sí i lórí trẹ́ẹ̀dì yìí, èmi náà ni màá máa dá a lóhùn. Ọdún mẹ́rin ni mo lò ní Pune, ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, nígbà tí mò ń kàwé, ìbéèrè yìí gan-an ni mo gbé lọ bá ìyá kan tó ń gbálẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, màá sọ bó ṣe dá mi lóhùn tó bá yá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ibi kan ṣe. Búdà ò sọ pé kéèyàn má fẹ́ jẹun. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní ìtàn kan tí wọ́n máa ń sọ. Àgbẹ̀ tálákà kan ní ìlú Alavi fẹ́ lọ gbọ́ ìwàásù Búdà, àárọ̀ ọjọ́ náà ni màlúù rẹ̀ kan sọnù, ó wá a kiri títí oòrùn fi yẹ̀ lórí, nígbà tó máa dé ibi ìwàásù, ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Búdà ti jẹun tán, èrò ti jókòó lọ bẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ ni, kò lanu. Ọkùnrin yìí ló ń dúró dè. Bó ṣe yọ báyìí, ó béèrè bóyá oúnjẹ ṣì kù, ó ní kí wọ́n bù fún un kó jẹ. Ó jẹ, ó yó, ìgbà yẹn ni ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn mọ́ńkì ń kùn bí wọ́n ṣe ń lọ sílé pé kí lèyí, gbogbo wa jókòó torí ẹnì kan. Ó dá wọn lóhùn pé kò sí àìsàn tó tó ebi.

Nítorí náà ebi yàtọ̀ sí ojúkòkòrò. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

*

Ẹni tó ní “ìtàn kan ṣoṣo lẹ fẹ́ fi kọ́lé” yẹn, ó dáa, ẹ gba mẹ́ta sí i. Inú àwọn ìwàásù gígùn Búdà ni gbogbo wọn wà, àwọn sósíálíìsì Íńdíà sì mọ̀ wọ́n dáadáa.

Àkọ́kọ́, ọba kan fẹ́ rúbọ ńlá nígbà tí olè gba ilẹ̀ rẹ̀ kan. Olùdámọ̀ràn rẹ̀ ní kábíyèsí, tẹ́ ẹ bá pa wọ́n, tẹ́ ẹ bá tì wọ́n mọ́lé, àwọn tó kù máa padà wá yọ yín lẹ́nu. Ẹ fún àgbẹ̀ ní irúgbìn, ẹ fún darandaran ní oúnjẹ ẹran, ẹ fún oníṣòwò lówó tó máa fi bẹ̀rẹ̀, ẹ san owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọba kó pé. Ọba ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn wá ń sùn láìti ilẹ̀kùn.

Ìkejì, ọba mìíràn ń ṣọ́ ìlú lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò fún aláìní ní nǹkan kan. Òṣì dé, olè jíjà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ohun ìjà, lẹ́yìn náà ìpànìyàn, lẹ́yìn náà irọ́. Ẹ wo bó ṣe tò wọ́n, òṣì ló ṣíwájú. Èyí ni Ambedkar fà yọ gbọọrọ nígbà tó ń fi Búdà wé Marx, bàbá ẹ̀kọ́ kọ́múníìsì.

Ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù. Láyé àtijọ́, wọ́n ní ìrẹsì ń hù fúnra rẹ̀, ẹ bá mú tàárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ òmíràn ti hù. Ọ̀lẹ kan wá rò ó pé kí ló dé tóun máa ń lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó kó tàárọ̀ àti tìrọ̀lẹ́ pọ̀. Aládùúgbò rẹ̀ rí i, ó kó ti ọjọ́ méjì. Ẹlòmíràn kó ti mẹ́rin, ẹlòmíràn ti mẹ́jọ. Ìrẹsì ò hù bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n bá pín ilẹ̀, wọ́n fi ààlà sí i, ẹnì kan jí ti ẹnì kejì, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ni wọ́n bá yan ọkùnrin kan láàárín ara wọn pé kó máa dájọ́, àwọn á máa bu ìrẹsì fún un. Ọba nìyẹn o! Ẹni tí wọ́n yàn tí wọ́n ń sanwó fún, kò ti ọ̀run wá. Ẹ fi èyí síwájú ẹni tó bá ti ka ìwé kọ́múníìsì, kó wá sọ fún mi pé òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀.

*

Bẹ́ẹ̀ ni o, mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ ọ́: “Àwọn Brahmin, kásìtì tó wà lókè pátápátá, àtàwọn ọmọ ọba ló pọ̀ jù nínú àwọn mọ́ńkì Búdà, ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀ ò ráyè wọlé.” Òótọ́ ni. Òfin àwọn mọ́ńkì ò gba ẹrú, kò gba ajigbèsè, kò gba sójà ọba. Búdà ò kó ẹ̀wọ̀n ẹrú dànù láwùjọ, ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ ń bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ àwọn mọ́ńkì yẹn, bí wọ́n ṣe ń ṣe ni kó yà yín lẹ́nu. Àwọn ọmọ ọba mẹ́fà láti ìdílé Sakya, ìdílé Búdà fúnra rẹ̀, wá fẹ́ di mọ́ńkì, wọ́n mú Upali dání, onígbàjámọ̀ tó ń gẹ irun fún wọn. Àwọn fúnra wọn ló bẹ Búdà pé kó kọ́kọ́ gba Upali wọlé, nítorí nínú ẹgbẹ́ yẹn, ẹni tó bá wọlé ṣíwájú ni ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ ọba á máa wá kúnlẹ̀ kí onígbàjámọ̀. Wọ́n ní kí ìgbéraga àwọn lè wálẹ̀ ni. Ohun tí mọ́ńkì kan ní sì mọ níwọ̀n, aṣọ mẹ́ta, àwo, ìgbànú, abẹ, abẹ́rẹ́, asẹ́ omi. Ó tán. Nígbà tí Ambedkar ń bá àwọn kọ́múníìsì jiyàn, ibí ló ti mú wọn: Rọ́ṣíà fi ipá gba ohun ìní lọ́wọ́ èèyàn, àwọn wọ̀nyí ti jọ ń lo nǹkan pọ̀ láti ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ó lé, kò sẹ́ni tó gbé ìbọn sí wọn lórí.

Ẹlòmíràn á ní àwọn díẹ̀ tó fá orí ò lè di ìjọba. Mo gbà.

*

Ẹ jẹ́ ká má da gbogbo wọn sínú ìkòkò kan o, ibẹ̀ ni trẹ́ẹ̀dì yìí ti ń dojú rú. Àwọn mẹ́ta tí àbúrò dárúkọ yẹn, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà.

Narendra Deva (1889–1956) ni wọ́n fi ṣe alága ìpàdé tí wọ́n ti dá Congress Socialist Party sílẹ̀ ní Patna, oṣù karùn-ún 1934. Ọmọ ẹ̀yìn Marx ni, kò fi pamọ́. Ọ̀mọ̀wé ni, ó gbọ́ Pali àti Sanskrit, àwọn èdè àtijọ́ tí wọ́n fi kọ ìwé Búdà, ó sì túmọ̀ ìwé Vasubandhu, ọ̀kan nínú èyí tó le jù nínú ìmọ̀ Búdà, láti Faransé sí Híńdì. Àwọn òyìnbó tì í mọ́lé pẹ̀lú Nehru ní Ahmednagar láti 1942 dé 1945, ìwé Búdà ló ń kà níbẹ̀. Ìwé ńlá tó kọ lórí ẹ̀kọ́ Búdà, ó kú tán kó tó jáde. Lójú tèmi, ẹni yìí ò pò wọ́n pọ̀. Yàrá méjì ló fi wọ́n sí, ó kàn ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Àbúrò, tó bá jẹ́ òun lo ní lọ́kàn, ọ̀rọ̀ ọ̀dà rẹ ò bá a mu, ẹni tó fẹ́ kun ọ̀dà kì í fi ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ Pali.

Rahul Sankrityayan ní tiẹ̀, àràbà ni. Ilé Brahmin ní Azamgarh ni wọ́n bí i sí ní 1893, Kedarnath Pandey ni wọ́n sọ ọ́. Ó di mọ́ńkì ní Sri Lanka ní 1930, ó gba orúkọ ọmọ bíbí inú Búdà, Rahul. Ó lọ Tibet lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń di ìwé àtijọ́ lé ìbaaka bọ̀ wá sí Íńdíà, púpọ̀ nínú wọn ló lọ sí mùsíọ̀mù Patna. Mọ́ńkì yìí kan náà ló wá ń bá àwọn àgbẹ̀ Bihar bá onílẹ̀ jà. Ní 1939, ní abúlé Amwari, ó wọ oko ìrèké pẹ̀lú wọn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ onílẹ̀ fi igi là á lórí, ẹ̀jẹ̀ bò ó. Ó di kọ́múníìsì pátápátá. Ohun tó mú kúrò lọ́dọ̀ Búdà ni pé kò sí nǹkan tó dúró sójú kan, gbogbo rẹ̀ ń yí, ohun kan ló ń fa òmíràn, kò sí ọlọ́run tó dì í mú. Ó ní látibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Marx, ìṣísẹ̀ kan ni. Òun àti ẹgbẹ́ kọ́múníìsì padà wá pín gaàrí lórí ọ̀rọ̀ èdè Híńdì, ìyẹn ìjà mìíràn.

Ambedkar ló wá rin ìrìn rẹ̀ sódì. Òṣèlú òṣìṣẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ Búdà ló parí rẹ̀ sí. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

*

Ẹ ti ń gbàgbé Madras, ní gúúsù Íńdíà. Singaravelu Chettiar ti ń ṣe ìpàdé ẹlẹ́sìn Búdà níbẹ̀ kí kọ́múníìsì kankan tó wà ní Íńdíà, òun náà ló ṣe May Day àkọ́kọ́ ní Íńdíà, ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún 1923, ní etí òkun Madras. Iyothee Thass ti dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà sílẹ̀ fún àwọn Tamil tí wọ́n ń pè ní aláìmọ́ láti 1898. Ẹni tó bá ní Ambedkar ló dédé ronú kan ọ̀rọ̀ yìí, kó lọ wo ìhà gúúsù.

*

Ẹ̀gbọ́n tó kọ ọ́ ní lẹ́tà gàgàrà pé “AMBEDKAR KÌ Í ṢE SÓSÍÁLÍÌSÌ”, ẹ rọra. Mo mọ ibi tẹ́ ẹ ti rí i: ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ gómìnà àgbà òyìnbó láti 1942 dé 1946, kò sì fẹ́ràn àwọn kọ́múníìsì. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 1936, Independent Labour Party ló sọ ọ́. Ní 1937 ó gbé àbá òfin wọlé pé kí wọ́n fòpin sí khoti ní agbègbè Konkan, ìyẹn ètò tí àwọn alárinà fi ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, ní 1938 ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ ló wọ́ tẹ̀ lé e wọ Bombay. Ọdún kan náà, ní Manmad, ó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè pé ọ̀tá méjì ni wọ́n ní, ìṣe Brahmin àti olówó tó ń rẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, òun àtàwọn kọ́múníìsì jọ pe ìyanṣẹ́lódì ní Bombay. Ní 1947 ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ìjọba gba àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá, kó gba iṣẹ́ inṣọ́ránsì, kó gba ilẹ̀ oko, kí wọ́n sì gbé e fún àwọn ará abúlé láti jọ dá láìwo kásìtì, kí onílẹ̀ má sí, kí alágbàṣe tí kò nílẹ̀ má sí. Tí ìyẹn ò bá ń ṣe sósíálísìmù, kí la fẹ́ máa pè é?

*

Kí ló wá dé tí kò fi dara pọ̀ mọ́ àwọn kọ́múníìsì kó sinmi? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ òwú fún yín, torí òun ló là mí lójú.

Àwọn ilé ìhunṣọ ńlá ló wà ní Bombay nígbà yẹn. Awunṣọ máa ń lo igi kékeré kan tí òwú wà nínú rẹ̀, ó ń sáré lọ sáré bọ̀ láàárín àwọn òwú tó nà sílẹ̀. Tí òwú inú rẹ̀ bá tán, wọ́n á ki òmíràn bọ̀ ọ́, awunṣọ á gbé ẹnu lé ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á fa òwú náà jáde pẹ̀lú èémí. Itọ́ á kan igi. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á gbé ẹnu lé ibẹ̀ náà. Ó tán. Nítorí itọ́ yẹn, àwọn awunṣọ tó jẹ́ Híńdù oníkásìtì ní àwọn ò gbà kí Dálíìtì kankan wọ ẹ̀ka ìhunṣọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni owó wà jù. Kí wọ́n lọ máa ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ran òwú. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń pariwo pé òṣìṣẹ́ gbogbo ayé ẹ parapọ̀ wà níbẹ̀ o, wọ́n ń wò ó. Ní ìyanṣẹ́lódì 1928 Ambedkar ní kí wọ́n fi í sínú ohun tí wọ́n ń béèrè pé kí gbogbo ẹ̀ka ṣí sílẹ̀ fún Dálíìtì. Ó gba kí wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà tì í tì í kí wọ́n tó gbọ́.

Ẹ wá sọ fún mi, ìwé Marx wo ló máa wẹ itọ́ yẹn kúrò lọ́kàn awunṣọ? Ẹ gba iléeṣẹ́ lọ́wọ́ olówó lónìí, ẹ gbé e fún òṣìṣẹ́, awunṣọ ò ní jẹ́ kí Dálíìtì wọ ẹ̀ka yẹn lọ́la. Ìyẹn lohun tó kọ ní 1936 nínú ìwé tó kọ nípa pípa kásìtì run, kásìtì ò mọ sí pé ó pín iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ gan-an ló pín. Ohun tó wá ń wá ni nǹkan tó máa wọ inú ọkàn èèyàn tí ọlọ́pàá ò lè wọ̀. Ó fi ogún ọdún wò ó. Ní Yeola ní 1935 ló ti sọ pé wọ́n bí òun ní Híńdù ṣùgbọ́n òun ò ní kú ní Híńdù. Ó yẹ Sikh wò, ó yẹ àwọn ẹ̀sìn mìíràn wò, Búdà ló mú.

*

Ẹni tó ní “Búdà tirẹ̀ náà kì í ṣe Búdà gidi”, ibí la ti jọ gbà díẹ̀. Nínú ìwé ńlá tí Ambedkar kọ lórí Búdà, ó gé e, ó rán an. Ó ní òtítọ́ mẹ́rin tí gbogbo ayé fi mọ Búdà, bóyá àwọn mọ́ńkì ló kì í bọ̀ ọ́, torí ó ń sọ fún tálákà pé ayé ìyà ni ayé, kò sọ́nà. Ó kọ̀ pé ìyà tó ń jẹ ẹ́ lónìí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ láyé àná ló fà á. Èmi gan-an rò pé ó tọ̀nà, torí ẹ̀kọ́ tó bá ń sọ fún ọmọ agbálẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ayé ìṣáájú ló ń jẹ, ọlọ́lá nìkan ló máa fẹ́ràn rẹ̀.

Èyí tó ya mí lẹ́nu jù ni bó ṣe sọ ìdí tí Búdà fi kúrò nílé. Gbogbo wa ti gbọ́ pé ó rí arúgbó, ó rí aláìsàn, ó rí òkú, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ambedkar ní ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ṣé kò tíì rí òkú rí ni? Tirẹ̀ ni pé àwọn Sakya àtàwọn Koliya aládùúgbò wọn ń jà lórí omi odò Rohini, Sakya fẹ́ gbógun, Siddhartha, ìyẹn Búdà kó tó di Búdà, dìde nínú ìpàdé pé òun ò fọwọ́ sí i, ìbò tirẹ̀ ò tó, ó bá gbà láti kúrò nílùú. Omi! Ọkùnrin tó ń kọ èyí, òun ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ mu omi adágún Chavdar ní Mahad ní 20 oṣù kẹta 1927, tí wọ́n fi lù wọ́n bí ẹni lu bàrà, tí àwọn oníkásìtì sì wá da ìtọ̀ màlúù, ìgbẹ́ màlúù àti wàrà sómi kó lè “mọ́” padà. Màlúù ń mu níbẹ̀ o. Ẹ ò rí i pé kò ṣòro láti mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ̀rọ̀ Rohini.

*

Wọ́n ti ń bi mí nípa Osu ilẹ̀ Ìgbò. Ó jọra níbi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, kò jọra níbi púpọ̀, ẹ ṣí trẹ́ẹ̀dì mìíràn fún un. 

*

Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 1956, ní Nagpur. Mọ́ńkì àgbà kan láti Burma, U Chandramani, ló gba Ambedkar àti ìyàwó rẹ̀ Savita wọlé. Lẹ́yìn náà Ambedkar yíjú sí èrò, òun fúnra rẹ̀ ló mú wọn búra, ẹ̀jẹ́ 22. Ọ̀pọ̀ ìwé pe èrò náà ní 400,000 sí 500,000, aṣọ funfun ni púpọ̀ nínú wọn wọ̀. Ẹ̀jẹ́ àkọ́kọ́ ni pé mi ò ní sin Brahma, Vishnu àti Mahesh, àwọn òrìṣà ńlá Híńdù, mọ́. Ẹ̀jẹ́ pé gbogbo èèyàn dọ́gba wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ́ pé mi ò ní mu ọtí wà níbẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, 20 oṣù kọkànlá, ó wà ní Kathmandu níwájú àwọn ẹlẹ́sìn Búdà àgbáyé, ó ń fi Búdà wé Marx. Àìsàn ti jẹ ẹ́ gan-an nígbà yẹn. Nínú ìwé tó kọ lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ó ní nínú ẹ̀kọ́ Marx, iná ti jó púpọ̀ nínú ẹ̀, èyí tó kù kéré ṣùgbọ́n ó ṣì gbóná: pé iṣẹ́ ìmọ̀ ni láti tún ayé ṣe, pé ìjà wà láàárín ẹgbẹ́ àti ẹgbẹ́, pé ohun ìní tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ń fún un lágbára ó sì ń kó ìyà bá ẹlòmíràn, pé ó yẹ kí wọ́n fòpin sí i. Ó ní gbogbo rẹ̀ ni Búdà gbà, ọ̀nà ni wọn ò jọ gbà: Marx gba ipá àti ìjọba apàṣẹwàá, Búdà gba ọkàn èèyàn. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn Kathmandu ló kú.

Ibí ni mo ti ń bá a jiyàn lọ́kàn mi. Ṣé ọkàn onílẹ̀ máa yí? Àwọn tó ń lu èèyàn ní Mahad ní 1927, mélòó nínú wọn ló wá fi àwo gba omi lọ́wọ́ Dálíìtì? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ọ̀nà ti Marx, kó bojú wẹ̀yìn wo Rọ́ṣíà ayé Stalin. Mi ò ní ìdáhùn, ọ̀rọ̀ náà ò sì tán síbẹ̀.

*

Fún ẹni tó ní ẹ̀sìn kàn gba agbára ìjà lọ́wọ́ wọn ni. Oṣù kejìlá 1964, ẹgbẹ́ Republican Party tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ambedkar dá sílẹ̀ ní 1957, Dadasaheb Gaikwad ló ṣíwájú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjà ilẹ̀ fún àwọn tí kò nílẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn rọ́ wọ ẹ̀wọ̀n. Ẹlẹ́sìn Búdà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nítorí náà rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ òdì kejì. Àwọn Dalit Panthers bẹ̀rẹ̀ ní Bombay ní 1972, àwọn ọ̀dọ́ tó gbóná, akéwì pọ̀ nínú wọn. Kò tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi fọ́. Kí ló fọ́ wọn? Trẹ́ẹ̀dì yìí gan-an! Namdeo Dhasal ní gbogbo tálákà ni Dálíìtì, ó súnmọ́ Marx, Raja Dhale ní kọ́múníìsì ti wọlé, ọ̀nà Ambedkar àti Búdà làwọn mọ̀. Wọ́n lé ara wọn jáde.

Ohun mìíràn wà tí kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà: iṣẹ́ ìjọba. Ìjọba Íńdíà ní ààyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Dálíìtì nílé ẹ̀kọ́ àti níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n òfin 1950 ní Híńdù nìkan ló wà fún, Sikh wọ̀ ọ́ ní 1956. Ẹni tó bá di ẹlẹ́sìn Búdà pàdánù rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Kò yí padà títí di 1990, nígbà ìjọba V. P. Singh. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní wọ́n kàn ń fi Búdà polówó ara wọn, ta ló ń polówó ara rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀?

*

Wọ́n ní mo ti gbàgbé ìyá họ́sítẹ́ẹ̀lì. Mi ò gbàgbé.

Ìyá yìí, “Jai Bhim” ló fi ń kí èèyàn, ìyẹn kí Ambedkar yè, mi ò gbọ́ kó kí ẹnì kan bí àwọn tó kù ṣe ń kí ara wọn rí. Àwòrán Búdà àti ti Ambedkar tó wọ kóòtù aláwọ̀ búlúù jọ wà lára ògiri yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí. Ìyá rẹ̀ wà ní Nagpur ní 1956, oyún rẹ̀ ló gbé lọ. Iléeṣẹ́ alágbàṣe kan ló gbà wọ́n síṣẹ́ níbẹ̀, oṣù mẹ́ta ni wọn ò sanwó, wọ́n bá pàdé lábẹ́ igi kan lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ orúkọ. Èmi, pẹ̀lú Híńdì mi tó ń tiro, mo lọ ń fi ọ̀rọ̀ ìwé dá a lágara: màmá, ṣebí Búdà ní ká má fẹ́ nǹkan, kí lẹ wá ń wá ní ìpàdé owó?

Ó wò mí. Ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Owó tí mo ti ṣiṣẹ́ rẹ̀, èmi kọ́ ló ń ṣojúkòkòrò rẹ̀. Lọ bi ẹni tó gbé e dání.”

Ó tún ní ṣé mo ti jẹun.

*

Àbúrò tó béèrè ti padà wá, ó ní “nítorí náà mo ṣìnà lórí ọ̀rọ̀ ọ̀dà?” Ìlàjì. Ìlàjì kejì ni pé wọ́n fẹ́ ohun tí wọ́n lè pè ní tiwọn lóòótọ́. Ní 1954 Ambedkar sọ lórí rédíò pé òmìnira, ìdọ́gba àti ìbátan tóun ń wí, òun ò yá a lọ́wọ́ àwọn ará Faransé, ọ̀dọ̀ Búdà ọ̀gá òun lòun ti mú un. Ó kàwé ní New York, ó kàwé ní London, ó mọ àwọn ará Faransé yẹn dáadáa. Ìgbéraga wà níbẹ̀ díẹ̀, mi ò dá a lẹ́bi.

Èyí tó yẹ kó o kọ́kọ́ kà: ìwé 1936 yẹn lórí kásìtì, kò gùn, ó ń jóni lọ́wọ́. Tó o bá tán an, èyí tó fi Búdà wé Marx, òun náà ò gùn. Ìwé ńlá tí Ambedkar kọ lórí Búdà, fi sẹ́yìn.

Mo ra ìwé Búdà àti Marx yẹn ní Dadar, ní Mumbai (Bombay yẹn náà ni), ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá kan, ọjọ́ ìrántí ikú rẹ̀, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbé ìwé lọ sílé bí ẹni ra iṣu. Wọ́n pọ̀ débi pé mi ò rí ẹsẹ̀ ara mi. Mo ti délé kí n tó rí i pé ti èdè Marathi ni mo mú, mi ò sì lè kà ju orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá gbọ́ Marathi lórí ibí yìí tó fẹ́ ẹ, kó kọ sí mi.